Bí a ṣe ń fi ìlà àṣẹ darí Inkscape láti ṣe áíkọ́ọ̀nù ètò kọ̀ǹpútà

Áíkọ́ọ̀nù tí ẹ ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwòrán kan ṣoṣo. Fáìlì kan ni lóòótọ́, àmọ́ àwòrán mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀: èyí tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 16, èyí tó fẹ̀ ní 32, 48, títí dé 256. Kọ̀ǹpútà ló ń mú èyí tó bá àyè tó fẹ́ fi í sí mu. Bí ẹ bá ń fi máòsì yọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ óò ṣí mẹ́nù, ẹ óò tẹ ìwọ̀n, ẹ óò tẹ orúkọ fáìlì, ẹ óò tún padà sí mẹ́nù. Kò le, ṣùgbọ́n ó ń súni, ibi tí iṣẹ́ bá sì ti ń súni ni orúkọ fáìlì ti ń ṣì. Lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá ní kí ẹ yí àwọ̀ ewé sí búlúù, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yàwòrán, lè ṣe gbogbo èyí láì ṣí ojú rẹ̀ rárá. Ẹ óò kọ àṣẹ kan sínú terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), àwòrán yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Yíyàwòrán, iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ ni. Yíyọ ọ́ jáde ní onírúurú ìwọ̀n àti kíkó o pọ̀ sínú fáìlì kan, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ohun tó ń ba áíkọ́ọ̀nù jẹ́ jù lọ ni kí ènìyàn ya àwòrán ńlá kan, kó wá ní kí ẹ̀rọ bá òun fún un pọ̀ di 16. Ẹ̀rọ yóò fún un pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí yóò jáde kò ní ṣeé wò.

Ohun tí ẹ nílò

Mẹ́ta ni: Inkscape, icoutils (inú rẹ̀ ni àṣẹ tó ń jẹ́ icotool wà, èyí tó ń kó àwòrán pọ̀ sínú fáìlì áíkọ́ọ̀nù), àti ImageMagick (ètò tó ń fi àṣẹ tún àwòrán ṣe). Lórí Debian tàbí Ubuntu:

```
sudo apt install inkscape icoutils imagemagick
```

Lórí Mac tó ní Homebrew, `brew install icoutils imagemagick` ló máa gbé méjì tó gbẹ̀yìn wá. Inkscape fúnra rẹ̀ yóò wà nínú fódà Applications, àṣẹ rẹ̀ sì wà ní `/Applications/Inkscape.app/Contents/MacOS/inkscape`.

Lórí Windows, fódà tí ẹ máa fi sínú PATH (àkójọ fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ) sábà máa ń jẹ́ `C:\Program Files\Inkscape\bin`. Ẹ óò rí fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọra níbẹ̀, inkscape.exe àti inkscape.com. Èyí tó parí sí .com ni wọ́n ṣe fún ìlà àṣẹ, òun ló ń dá èsì àti àṣìṣe padà sínú terminal. Bí ẹ bá kàn kọ `inkscape` láìfi ìkankan kún un, Windows a máa mú .com ṣáájú .exe, nítorí náà kò sí wàhálà. Bí ẹ bá kọ .exe mọ́ ọn, ó lè dákẹ́ kalẹ̀ kó má sọ nǹkan kan fún yín.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín:

```
inkscape --version
```

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wò ó ni pé Inkscape 1.0, tó jáde lọ́dún 2020, yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣẹ padà. Tẹ́lẹ̀, `--export-png` àti `--without-gui` ni gbogbo ènìyàn ń kọ, ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tó wà káàkiri ṣì ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ dòní. Láti 1.0 ni `--export-filename` ti gba ipò `--export-png`, ìparí orúkọ fáìlì ló sì ń sọ irú fáìlì tí yóò jáde. Gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ti 1.0 lọ sókè ni.

ImageMagick náà ní tirẹ̀. Ẹ̀dà 7 ń lo àṣẹ `magick`. Ẹ̀dà 6 tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ Linux ń lo `convert`. Lórí Windows, ẹ má dán `convert` wò láé. Àṣẹ mìíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó ń yí dísìkì FAT padà sí NTFS, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún ojú ìwé ṣe kí ẹ tó ya ohunkóhun

Ibí yìí ló yẹ ká ti pẹ́ díẹ̀, torí ohun tí ẹ bá ṣì níbí, kò sí àṣẹ tó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ ṣí Inkscape lọ́nà tí ẹ máa ń gbà ṣí i, ẹ tẹ Ctrl+Shift+D, kí ẹ sì fi ìwé náà sí 256 ní fífẹ̀ àti 256 ní gíga, ní píksẹ́lì. Ẹ wá tan ìlà àyẹ̀wò (grid), kí àárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ 16, ní x àti ní y.

Kí nìdí tó fi jẹ́ 16? Ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan ṣe é. Ká ní ìlà náà nípọn ní 16 lórí ìwé 256. Bí a bá yọ àwòrán jáde ní ìwọ̀n 16, gbogbo nǹkan kéré sí i ní ìlọ́po 16, ìlà yẹn á di píksẹ́lì kan géérégé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní x=32 tó parí ní x=48, ó bọ́ sínú píksẹ́lì kan ṣoṣo, ó sì mú kedere. Ẹ wá sún un díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní 40 kó parí ní 56. Lójú yín, lórí ìwé ńlá, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 16, 40 di píksẹ́lì 2.5, 56 di 3.5. Ìdajì ìlà bọ́ sí píksẹ́lì kan, ìdajì kejì bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ètò yóò sì kun méjèèjì ní àwọ̀ eérú. Dípò ìlà dúdú kan, ẹ óò rí èéfín méjì.

Ohun tó tún ń tan ènìyàn jẹ ni pé ní ìwọ̀n 32, àṣìṣe yẹn kò ní hàn rárá, torí 40 pín sí 8 jẹ́ 5, kò sí ìdajì kankan. Nítorí náà ẹni tó bá ń wo 32 nìkan yóò rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ìlà tó nípọn ní 16 yìí á di píksẹ́lì 2 ní 32, 3 ní 48, 4 ní 64. Níbi 24 ni ìṣòro wà: 1.5 ló máa jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni 1.25 ní 20. Windows ń lo 20 nígbà tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá gbé ìwọ̀n ojú rẹ̀ sí 125%, ó sì ń lo 24 ní 150%. Ní tèmi o, mo máa ń gbà kí 24 rí bí ó ṣe rí, àyàfi bí áíkọ́ọ̀nù náà bá kún fún ìlà tóóró. Bí ó bá kún fún un, ẹ ya ẹ̀kẹta fún 24.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwòrán méjì nínú fáìlì kan

Ẹ̀kẹta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn ló mú wa dé kókó ọ̀rọ̀. Áíkọ́ọ̀nù tó dára ní ó kéré tán àwòrán méjì: ńlá tó ní gbogbo ọnà rẹ̀, òjìji, ìmọ́lẹ̀ etí, lẹ́tà kékeré, àti kékeré tí a ti gba ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ranyàn kí ẹ fi wọ́n sínú fáìlì méjì. Ẹ tò wọ́n lé ara wọn lórí ojú ìwé kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdìpọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ID, orúkọ tí àṣẹ fi ń dá wọn mọ̀: `nla` àti `kekere`. Bí ti kékeré ṣe rí nínú fáìlì nìyí, bí áíkọ́ọ̀nù náà bá jẹ́ ti ètò ìkọ̀wé:

```
<g id="kekere">
  <rect x="32" y="32" width="192" height="192" fill="#1b5e20"/>
  <rect x="64" y="96" width="128" height="16" fill="#ffffff"/>
  <rect x="64" y="144" width="96" height="16" fill="#ffffff"/>
</g>
```

Bébà aláwọ̀ ewé kan àti ìlà funfun méjì, ó tán. Ní ìwọ̀n 16, bébà yẹn á gba píksẹ́lì 12 lọ́nà méjèèjì, ìlà kìíní á gùn ní píksẹ́lì 8, ìkejì á gùn ní 6, kò sì sí ohun tó máa dàrú. Nínú ti ńlá, ẹ lè fi ìlà márùn-ún sí i, kí ẹ ká igun bébà sílẹ̀, kí ẹ fi gègé lé e lórí. Ẹ má gbìyànjú ìyẹn ní 16.

Láti fún ìdìpọ̀ ní ID, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó di yíyàn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+O, ẹ kọ orúkọ sí àyè ID, kí ẹ sì tẹ Set. Ẹ kọ ọ́ láìní àmì ohùn, láìní àlàfo. Bí ẹ bá ń lo ìpele dípò ìdìpọ̀, ẹ ṣọ́ra: orúkọ tí ẹ rí lára ìpele kì í ṣe ID rẹ̀. Ìpele tí ẹ pè ní "kekere" lè máa jẹ́ layer2 nínú fáìlì, àṣẹ yín kò sì ní rí i. Láti mọ orúkọ tí gbogbo nǹkan ń jẹ́ gan-an, ẹ bi Inkscape fúnra rẹ̀ (ami.svg ni orúkọ fáìlì wa; SVG ni irú fáìlì tí Inkscape ń fi àwòrán pamọ́ sí):

```
inkscape --query-all ami.svg
```

Yóò to ID gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, ọ̀kan lórí ìlà kan, pẹ̀lú x, y, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣẹ yìí púpọ̀, torí ó tún ń fi hàn bóyá nǹkan bọ́ sórí ìlà àyẹ̀wò tàbí kò bọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí 31.874 níbi tó yẹ kó jẹ́ 32, ẹ ti mọ ibi tí èéfín ti ń bọ̀.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó fi fáìlì pamọ́: ẹ má fi ìdìpọ̀ kankan sílẹ̀ ní pípamọ́. Ó máa ń wuni láti pa ńlá mọ́ nígbà tí a bá ń ya kékeré, ṣùgbọ́n ohun tó bá pamọ́ nínú fáìlì lè jáde ní òfo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àṣẹ àkọ́kọ́

```
mkdir -p png
inkscape ami.svg -i kekere -j -C -w 16 -h 16 -o png/16.png
```

`-i` ń sọ ID ohun tí a fẹ́. `-j` ń sọ pé òun nìkan, kí gbogbo nǹkan tó kù farapamọ́. `-w` àti `-h` ni fífẹ̀ àti gíga ní píksẹ́lì, `-o` ni orúkọ fáìlì tó máa jáde.

`-C` lẹ́tà ńlá ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ó ń sọ pé ojú ìwé lódindi ni kí a yọ. Bí ẹ bá fi ID sílẹ̀ láìsí `-C`, Inkscape yóò gé àwòrán mọ́ etí ohun náà. Bébà wa tó ní àyè òfo 32 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá kún ojú àwòrán dé etí, gbogbo ìṣirò tí a ti ṣe lókè á sì dàrú. Bí ohun náà kì í bá ṣe onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ó tún lè fà gbọọrọ.

Ẹ̀yìn àwòrán yóò mọ́ gaara fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ funfun, ojú ìwé yín ti ní àwọ̀ nínú Document Properties; ẹ fi `--export-background-opacity=0` kún àṣẹ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbogbo ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan

Lórí Linux àti Mac:

```
for n in 16 24; do
  inkscape ami.svg -i kekere -j -C -w $n -h $n -o png/$n.png
done
for n in 32 48 64 128 256; do
  inkscape ami.svg -i nla -j -C -w $n -h $n -o png/$n.png
done
```

Ní PowerShell:

```
foreach ($n in 32,48,64,128,256) {
  inkscape ami.svg -i nla -j -C -w $n -h $n -o "png/$n.png"
}
```

Ẹ óò rí i pé ó ń fà díẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ló ń pẹ́, Inkscape ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Fún áíkọ́ọ̀nù kan, ẹ fojú fò ó. Bí ẹ bá ní ogójì áíkọ́ọ̀nù láti ṣe, ẹ lo `--actions`, kó ṣí lẹ́ẹ̀kan kó sì ṣe púpọ̀:

```
inkscape ami.svg --actions="export-width:64; export-filename:png/64.png; export-do; export-width:128; export-filename:png/128.png; export-do"
```

`export-do` ló ń yọ àwòrán jáde gan-an. Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀, ètò lásán ni. Ẹ fi sọ́kàn pé kò sí ID nínú àpẹẹrẹ yìí. Gbogbo ohun tó wà lórí ìwé ló ń yọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ohun tí ẹ lè kọ síbẹ̀, `inkscape --action-list` yóò tò ó sílẹ̀. Ó gùn.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú pé SVG jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ní kí ẹ yí àwọ̀ ewé sí búlúù lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn rẹ̀ nìyí:

```
sed 's/#1b5e20/#0d47a1/g' ami.svg > ami-bulu.svg
```

Ọ̀nà yìí náà ló dára jù láti ṣe áíkọ́ọ̀nù ẹ̀dà ìdánwò, kí ẹni tó fi ètò méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí lẹ́tà bá wà nínú àwòrán yín, ẹ rántí pé fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín lè má sí lórí èyí tí yóò yọ ọ́ jáde. Ẹ yí lẹ́tà sí àwòrán pátápátá ṣáájú:

```
inkscape ami.svg --export-plain-svg --export-text-to-path -o ami-pari.svg
```

Ẹ tọ́jú ami.svg ti tẹ́lẹ̀, torí lẹ́tà inú ami-pari.svg kò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíkó wọn pọ̀ sínú ICO

```
icotool -c -o ami.ico png/16.png png/24.png png/32.png png/48.png png/64.png --raw=png/256.png
```

`--raw` ni kí ẹ fiyè sí. Láti ìgbà Windows Vista ni fáìlì ICO, irú fáìlì áíkọ́ọ̀nù tí Windows ń lò, ti lè gba PNG sínú bí ó ṣe wà. Láìlo ọ̀nà yẹn, píksẹ́lì ni a ó máa kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfún un pọ̀: 256 lọ́nà 256 lọ́nà báìtì 4 jẹ́ 262,144, ẹ tún fi báìtì 40 ti orí rẹ̀ àti 8,192 ti ìbòjú rẹ̀ kún un, ó di 270,376 báìtì fún àwòrán kan ṣoṣo. PNG ti áíkọ́ọ̀nù tó ní àwọ̀ díẹ̀ kì í tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Àwọn kékeré kò nílò rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ètò àtijọ́ lè kà wọ́n.

Ẹni tí kò bá ní icotool lè fi ImageMagick ṣe é:

```
magick png/16.png png/24.png png/32.png png/48.png png/256.png ami.ico
```

Àṣẹ kan wà tí ẹ óò rí níbi púpọ̀, `-define icon:auto-resize=256,48,32,16`, tó ń gba àwòrán ńlá kan tó sì ń fún un pọ̀ sí gbogbo ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo ohun tí a ṣe ní ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì di asán, torí 16 tí yóò jáde, ti ńlá tí a fún pọ̀ ni.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo inú fáìlì náà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín:

```
icotool -l ami.ico
```

Ìlà mẹ́fà ló yẹ kó jáde, ọ̀kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fífẹ̀, gíga àti bit-depth. Bí ìlà kan ṣoṣo bá jáde, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹ̀. Àṣẹ `file ami.ico` náà yóò tú àṣírí àwọn tó kàn gba PNG tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí .ico: yóò sọ lójú wọn pé PNG ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, ẹ wo báìtì mẹ́fà àkọ́kọ́:

```
xxd -l 6 ami.ico
00000000: 0000 0100 0600
```

Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ òfo. `0100` ń sọ pé áíkọ́ọ̀nù ni. Bí ó bá jẹ́ `0200`, ọfà máòsì ni. `0600` ni iye àwòrán tó wà nínú rẹ̀, mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni báìtì 16 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí méjì àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ fífẹ̀ àti gíga. Báìtì kan kò lè gba ju 255 lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ 256 sílẹ̀ bí `00`. Nítorí náà bí ètò kan bá sọ fún yín pé áíkọ́ọ̀nù yín fẹ̀ ní 0, kò bàjẹ́, ètò tó kà á ni kò mọ òfin yìí. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú báìtì 16 yẹn ń sọ ibi tí àwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwòrán àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà, 6 pọ̀ mọ́ 96 ni, 102, tí xxd yóò kọ bí `6600 0000`.

Kí ojú rí i

Iye àti báìtì kò sọ bóyá áíkọ́ọ̀nù dára. Ẹ to gbogbo ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórí ẹ̀yìn funfun àti lórí ẹ̀yìn dúdú:

```
magick montage png/16.png png/24.png png/32.png png/48.png png/64.png -background '#ffffff' -tile x1 -geometry +8+8 funfun.png
magick montage png/16.png png/24.png png/32.png png/48.png png/64.png -background '#1e1e1e' -tile x1 -geometry +8+8 dudu.png
```

Ẹ̀yìn dúdú ni ọ̀pọ̀ áíkọ́ọ̀nù ti ń kú. Bébà aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn lè pòórá síbẹ̀ pátápátá. Láti wo 16 ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé píksẹ́lì, ẹ sọ ọ́ di ńlá láìjẹ́ kí ẹ̀rọ yọ́ etí rẹ̀:

```
magick png/16.png -scale 1600% wo16.png
```

Ìlà funfun méjèèjì yẹ kó jẹ́ funfun pátápátá. Bí ẹ bá rí ìlà tó pín sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì rí bí ewé tó ń gbẹ, ẹ padà sí `--query-all`.

Mac àti Linux

Mac kì í lo ICO. Ẹ óò kó PNG sínú fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iconset, pẹ̀lú orúkọ tí kò gbọ́dọ̀ yí: icon_16x16.png, icon_16x16@2x.png, bẹ́ẹ̀ náà fún 32, 128, 256 àti 512. Mẹ́wàá ni lápapọ̀. @2x túmọ̀ sí ìlọ́po méjì, nítorí náà icon_16x16@2x jẹ́ píksẹ́lì 32, ti 512@2x sì jẹ́ 1024. Ẹ yọ 512 àti 1024 kún ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pe:

```
iconutil -c icns ami.iconset -o ami.icns
```

Fún 32 tó máa jẹ́ icon_16x16@2x, ẹ lo `kekere` dípò `nla`. Bí ó tilẹ̀ ní píksẹ́lì 32, àyè tó ń gbà lójú ẹni tó ń wò ó kò ju ti 16 lọ.

Linux rọrùn jù wọ́n lọ. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, SVG fúnra rẹ̀ náà sì ní:

```
install -Dm644 png/48.png ~/.local/share/icons/hicolor/48x48/apps/ami.png
install -Dm644 ami-nla.svg ~/.local/share/icons/hicolor/scalable/apps/ami.svg
gtk-update-icon-cache -f -t ~/.local/share/icons/hicolor
```

ami-nla.svg ni SVG tí `nla` nìkan wà nínú rẹ̀, `inkscape ami.svg -i nla -j -C -l -o ami-nla.svg` ló ń yọ ọ́. Nínú fáìlì .desktop, ẹ kọ `Icon=ami`, láìfi .png kún un.

Kí iṣẹ́ máa ṣe ara rẹ̀

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó tún fọwọ́ kan áíkọ́ọ̀nù yìí lọ́jọ́ iwájú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Makefile, fáìlì tí ètò tó ń jẹ́ make ń kà láti mọ àṣẹ tó yẹ kó ṣe:

```
KEKERE = 16 24
NLA = 32 48 64 128 256

ami.ico: $(KEKERE:%=png/%.png) $(NLA:%=png/%.png)
	icotool -c -o $@ png/16.png png/24.png png/32.png png/48.png png/64.png --raw=png/256.png

$(KEKERE:%=png/%.png): png/%.png: ami.svg
	@mkdir -p png
	inkscape $< -i kekere -j -C -w $* -h $* -o $@

$(NLA:%=png/%.png): png/%.png: ami.svg
	@mkdir -p png
	inkscape $< -i nla -j -C -w $* -h $* -o $@
```

Tab ló gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn ìlà tó wọlé yẹn, kì í ṣe àlàfo. Make kò ní gbà á bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi ami.svg pamọ́, ẹ kọ `make`, ó tán. Bí ohunkóhun kò bá yí nínú SVG, make kò ní ṣe nǹkan kan. `make -j4` yóò ṣe mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí kọ̀ǹpútà yín bá lágbára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti fi áíkọ́ọ̀nù tuntun sí ètò yín tí Windows ṣì ń fi ti àtijọ́ hàn, ẹ má tíì padà lọ yẹ fáìlì wò. Windows ń tọ́jú àwòrán áíkọ́ọ̀nù tó ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kó tún un kà:

```
ie4uinit.exe -show
```

Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ yí orúkọ fáìlì ICO náà padà kí ẹ sì tún un tọ́ka sí. Bí ó bá yí, fáìlì yín kò ní ìṣòro kankan.